Bernard Fisher àti Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọyàn

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni William Halsted, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, la ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn. Ọ̀nà náà le púpọ̀. Oníṣẹ́ abẹ yóò gé ọyàn kúrò pátápátá, yóò gé ẹran igbá-àyà tí ọyàn jókòó lé, yóò sì kó gbogbo kókó tí ń bẹ lábẹ́ abíyá. Àyà obìnrin bẹ́ẹ̀ a tẹ̀ wọlé, apá rẹ̀ sì lè máa wú títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tí Halsted rò kò ṣòro láti lóye. Ó gbà pé jẹjẹrẹ a máa rìn bí gbòǹgbò koríko ẹ̀kan lábẹ́ ilẹ̀: láti inú ọyàn dé abíyá, láti abíyá dé ibòmíràn. Bí a bá wa gbòǹgbò náà jìnnà tó, oko mọ́. Ẹ̀kọ́ yìí jọba ní Amẹ́ríkà fún nǹkan bí 80 ọdún, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ sì kà á sí ohun tí a kì í jiyàn lé lórí.

Ọmọ ìlú Pittsburgh ni Bernard Fisher, ẹni tí a bí ní 1918. Òun àti ọmọ ìyá rẹ̀, Edwin, tí òun náà jẹ́ dókítà, fi ẹranko ṣe ìwádìí nípa bí jẹjẹrẹ ṣe ń tàn ká ara. Wọ́n rí i pé àwọn kókó abíyá kì í ṣe odi tí ń dá àrùn dúró. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ a máa gba inú wọn kọjá, a sì máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbòǹgbò nìkan ni ẹ̀kan ní, ó ní irúgbìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Bí irúgbìn bá ti fò lọ kí a tó gbé ọkọ́, wíwa ilẹ̀ jìnnà kò lè dá a padà.

Àwọn mìíràn ti ń ṣiyèméjì ṣáájú rẹ̀, bíi George Crile kékeré ní Cleveland. Ṣùgbọ́n iyèméjì kì í ṣe ẹ̀rí. Fisher ní kí a ṣẹ́ kèké: kí ó má ṣe jẹ́ dókítà tàbí aláìsàn ni yóò yan irú iṣẹ́ abẹ, kí a lè fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì láìṣe ojúsàájú. Èyí bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ nínú, nítorí ó dà bí ẹni pé a ń sọ fún wọn pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní tòótọ́, ohun tí ó ń sọ gan-an nìyẹn.

Ní 1971 ni ìwádìí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú obìnrin tí ó lé ní 1,600. Àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ Halsted fún kò pẹ́ láyé ju àwọn tí a gé ọyàn wọn nìkan lọ. Ní 1976, ó bẹ̀rẹ̀ èkejì, tí ó béèrè ohun tí ó tún gbójú ju ti ìṣáájú lọ: ṣé ó tilẹ̀ pọn dandan kí a gé ọyàn bí kókó náà kò bá tíì tóbi? Èsì rẹ̀ jáde ní 1985. Àwọn tí a yọ kókó nìkan fún, tí ọyàn wọn wà níbẹ̀, wà láàyè bí àwọn tí a gé tiwọn.

Bí àrùn bá sì lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ń rin gbogbo ara ni ó yẹ kí ó lé e. Ọ̀nà yìí ni Fisher àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà dé orí tamoxifen. Ní 1998, wọ́n fi hàn láàárín obìnrin 13,388 tí ewu jẹjẹrẹ ọyàn wọn pọ̀ pé oògùn náà dín in kù tó nǹkan bí ìdajì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi kún ewu jẹjẹrẹ ilé-ọmọ.

Ní 1994, àṣírí tú pé dókítà kan ní Montreal ti kọ àkọsílẹ̀ irọ́ nípa àwọn aláìsàn tí ó mú wọ inú ìwádìí. Wọ́n yọ Fisher kúrò ní ipò olórí. Wọ́n yọ àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn yẹn kúrò nínú ìṣirò, wọ́n sì tún un ṣe. Èsì kò yí padà. Ní 1997, a dá Fisher láre, Yunifásítì Pittsburgh sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni ọdún 84 ni nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì 20 ọdún jáde ní oṣù kẹwàá 2002. Iye àwọn tí ó wà láàyè kò yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí a yọ kókó nìkan fún, nǹkan bí 39 nínú 100 ni àrùn tún padà sínú ọyàn kan náà. Fún àwọn tí a fi ìtànṣán tọ́jú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 14 péré ni. Níbi tí ẹ̀rọ ìtànṣán kò bá sí, dókítà tí yóò fi ọyàn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi iye méjèèjì yìí han aláìsàn rẹ̀ kí ó tó gbé abẹ.