Ṣé Àmì Tẹlifíṣọ̀n Dé Ọjà-Ọ̀dàn Lóòótọ́?

Ọ̀rọ̀ gbígbé tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà bọ́ sórí dígítà tún ti gba ojú ìròyìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jos lọ́dún 2016, ó dé Èkó lọ́dún 2021, àwọn ará ẹnubodè sì ń béèrè ìgbà tó máa kàn wọ́n. Máàpù tí wọ́n fi ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló jẹ mí lógún: òpó kan láàárín, òbìrí yí i ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka òbìrí yẹn sí odi ìlú, pé ẹni tó wà nínú rí àwòrán, ẹni tó wà lóde kò rí.

Ìgbì FM àti ti tẹlifíṣọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn tààrà ni. Afẹ́fẹ́ kàn ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Nítorí pé ayé rí roboto, bó pẹ́ bó yá, ilẹ̀ á bo òpó lójú. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, òpó oní-mítà 100 ń rí nǹkan bíi kìlómítà 41. Kó tó rí ìlọ́po méjì ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ ga tó mítà 400, owó ńlá sì ni. Ẹ́ríàlì tí a gbé sórí ọ̀pá mítà 10 á fi bíi kìlómítà 13 kún un. Bí òpó bá wà ní Abẹ́òkúta, ibẹ̀ sí Ọjà-Ọ̀dàn, ìlú kan ní ẹnubodè Yewa, tó nǹkan bíi kìlómítà 60, láìka kọ́nà ojú títì. Ìgbì kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí ojú òpó bá parí sí. Ńṣe ló ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìrọ̀ yẹn ni ìlànà P.1546 ti ITU, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìgbì rédíò, ń ṣírò. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ìṣirò náà gbà pé ẹ́ríàlì wà lókè ní mítà 10, kì í ṣe lórí tábìlì pálọ̀. Bí wọ́n bá sì fi ìdá 50 nínú 100 ya òbìrí, ó túmọ̀ sí pé létí òbìrí, ìdajì àwọn ibi tó wà níbẹ̀ ló máa rí àmì tó tó, ìyẹn náà fún ìdajì àkókò. Ilé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà, kí ọ̀kan rí i, kí èkejì má rí i.

Láyé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, a lè fara dà á: àwòrán á ṣe tóótòtó, ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ ìròyìn. Dígítà kò ní àárín. Bí àmì bá ti rọ̀ kọjá ààlà rẹ̀, àwòrán á gan, ojú tẹlifíṣọ̀n á sì ṣókùnkùn. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn Geneva ọdún 2006 fi ń lo ìdá 70 nínú 100 àwọn ibi fún àmì tó ṣeé gbà, àti 95 fún èyí tó dára.

Agbára àmì nìkan kọ́ tún ni. Ìlú Ìpóbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin sún mọ́ Ọjà-Ọ̀dàn ju Abẹ́òkúta lọ dáadáa, ṣùgbọ́n láyé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn, ìlànà àwọ̀ SECAM ni Benin ń lò, Nàìjíríà ń lo PAL. Mégáhẹ́ẹ̀tì 6.5 ni ohùn tiwọn wà sí àwòrán, tiwa wà ní 5.5. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà nìkan lè gba àmì ọ̀hún kó le dáadáa, kí àwòrán wà láìní àwọ̀, kí ohùn má sì jáde rárá. Máàpù á ní ó dé.

Ní tèmi, ó ṣeé ṣe kí iye ènìyàn tí wọ́n ń kà mọ́ inú òbìrí ní ìgbèríko Yewa pọ̀ ju àwọn tó ń wòran lóòótọ́ lọ. Kí NBC, àjọ tó ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, gbé mọ́tò ìwọ̀n àmì wá sí Ọjà-Ọ̀dàn, Ìmẹ̀kọ àti Ìdí-Ìrókò, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára máàpù: mítà mélòó ni ẹ́ríàlì, ìdá mélòó nínú 100.