Ta ló fẹ́ pa á? Tamale àti update Windows

Bí Windows bá ń ṣe update, ó máa ń kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹ̀rọ náà. Ní Tamale, olú ìlú ẹkùn Àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, ìkìlọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ pa á? Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ti káwọ́ gbera, ó ń wo nọ́ńbà bó ṣe ń rákò láti ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí 31. Iná ló ń lọ. Àwọn ará Ghana ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́, dumsor ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Twi tó já sí pa-á-tàn-án. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò ní ohun tí yóò fi dúró de iná. Bí iná bá padà dé, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tó ti ṣe dé ìdajì palẹ̀. Bí kò bá bọ́ síbi tó dáa, kò ní tan mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì UDS tó wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ á yọ filáàṣì rẹ̀, á kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní Tamale tàbí ní Òṣogbo, fi máa ń pa update tì kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ fún oníbàárà. Mi ò lè bá wọn jà. Ṣùgbọ́n gbèsè ni wọ́n ń jẹ sílẹ̀ fún oníbàárà, òun ni yóò sì san án.

Ẹ wo Windows 10, tó jáde ní 29 Oṣù Keje 2015. Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft ṣíwọ́ títún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ kò kú lọ́jọ́ náà o. Ó ṣì ń tan, ó ń tẹ̀wé, ó ń wo fíìmù. Ohun tó dúró ni dídí ihò tí olè ń gbà wọlé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ògiri tó bá lanu ni alángbá ń wọ̀. Èyí tí a kì í sábà sọ ni pé alángbá orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀wé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì oṣù kọ̀ọ̀kan ni Microsoft máa ń gbé àtúnṣe jáde fún Windows 11. Àwọn ọ̀daràn á gbé ti àná àti ti òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á wo ibi tí birikílà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, wọ́n á wá lọ yẹ ibẹ̀ wò lára Windows 10, torí ọ̀pọ̀ bíríkì ilé méjèèjì, ibì kan náà ni wọ́n ti gbé e wá. Ihò tí wọ́n dí lọ́hùn-ún ló ń tọ́ka sí èyí tó ṣì ṣí níbí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé àtúnṣe wà nílẹ̀ tí èèyàn kò gbà á. Ní 14 Oṣù Kẹta 2017, Microsoft tú ọ̀kan jáde. Ní 12 Oṣù Karùn-ún ọdún náà, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò yẹn gan-an wọ ara àwọn kọ̀ǹpútà tí kò tíì ṣe update, ó ti fáìlì wọn pa, ó ń béèrè owó. Ní England nìkan, ó kéré tán, 81 nínú àjọ ìlera ìjọba 236 ni ọ̀ràn náà kàn, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn sì padà sórí bírò àti bébà. Wọ́n ti ní nǹkan bí oṣù méjì láti fi dí i. Wọn kò sì ní dumsor.

Kí ló dé tí ará Tamale kò kàn bọ́ sórí Windows 11, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni? Ẹ̀rọ ni kò gbà. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ohun kékeré kan nínú ẹ̀rọ tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jẹ́ Intel Core ni ẹ ń lò, ó tún fẹ́ ìran kẹjọ sókè, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ System, ẹ tẹ About. Bí ẹ bá rí i5-6300U, nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì (-) yẹn ni ìran rẹ̀, ìran kẹfà nìyẹn, kò lè wọlé. Bí ó bá jẹ́ i5-8350U, ẹ dúpẹ́. Ẹni tó mọ ọjà tòkunbọ̀ kò tiẹ̀ ní tan ẹ̀rọ kó tó mọ̀: HP EliteBook 840 G3 kò gbà, G4 kò gbà, G5 tó ní ìran kẹjọ gbà.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ọ́fíìsì London tó bá rí i pé ọgọ́rùn-ún G3 òun kò lè wọ Windows 11 kò ní dà wọ́n sódò. Á tà wọ́n lọ́pọ̀, wọ́n á bá ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ sí Tema, wọ́n á sì rin nǹkan bí 600 kìlómítà wá sí àríwá. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Canalys ṣírò ní 2023 pé kọ̀ǹpútà bíi 240 mílíọ̀nù lè di pàǹtírí nítorí òpin Windows 10. Ohun tó di pàǹtírí lọ́hùn-ún, ọjà ni lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rọ tí òfin tuntun lé jáde ní Yúróòpù gan-an ni ìyá ọlọ́mọ ń tu owó jọ rà fún ọmọ rẹ̀.

Yorùbá mọ irú ìdájọ́ yìí ní Tamale. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí fi ń tajà níbẹ̀, títí ìjọba Ghana tí Busia jẹ́ olórí rẹ̀ fi pàṣẹ ní 18 Oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èèyàn ń ṣòwò rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń sọ Dagbani, èdè ìlú náà, wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò pé. Mo mọ̀ pé ọ̀ràn méjèèjì kò tó ara wọn rárá, kò sẹ́ni tó sùn sí gáréèjì nítorí TPM. Síbẹ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà tí kò ṣàìsàn bá ń kọ ọ́ sójú pé òun kò kúnjú òṣùwọ̀n, ohùn yẹn kò ṣàjèjì sí wa.

Microsoft ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè máa gba àtúnṣe Windows 10 títí di 13 Oṣù Kẹwàá 2026, ọgbọ̀n dọ́là ni, tàbí kí ó fi ètò ẹ̀rọ rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ Microsoft kó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù pariwo, Microsoft yọ dandan ìfipamọ́ yẹn kúrò fún wọn. Ghana kò sí nínú ìyẹn.

Ká tiẹ̀ ní ẹ̀rọ gbà, dátà ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà ni ọjà ń yí po ní ilẹ̀ Dagbon tí Tamale wà. Ọjà Microsoft, Ìṣẹ́gun kejì oṣù ni, ó sì lè jẹ gígábáìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé ara kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ pé owó ń jó àfi bí ẹ bá wọ inú Wi-Fi náà, tí ẹ tan ohun tí wọ́n pè ní Metered connection.

Ìrètí wà díẹ̀. Ní 30 Oṣù Kẹsàn-án 2025, 25H2, ẹ̀dà Windows 11 kan, jáde. Fún ẹni tó ti wà lórí 24H2, ẹ̀dà tó ṣáájú rẹ̀, ohun bíńtín ló ní láti gbà, torí ọ̀pọ̀ ẹrù náà ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn wá tan án ni. Ó tàn, ó parí. Ẹ̀yin ará ìlú òyìnbó tí ẹ ti ń sunkún pé Windows 11 kò jẹ́ kí ẹ gbé pátákó ìsàlẹ̀ (taskbar) lọ sí òkè, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún níbí ni update tó kéré, tó sì lè dúró de iná. Bí wọ́n bá tún rí ààyè, kí ẹni tó ń kọ Dagbani rí ɣ àti ŋ tẹ̀ láìwá ọ̀nà ẹ̀yìn, kí àmì orí ẹ́ tiwa náà má sì máa fò kúrò níbi tí a fi í sí.

Kó tó dìgbà náà, àwọn oníṣẹ́ ti wá ọgbọ́n dá. Filáàṣì méjì ló sábà máa ń wà nínú àpò wọn. Lórí ọ̀kan ni Windows 11 wà tí wọ́n fi ètò kan tó ń jẹ́ Rufus ṣe, tó ń fo ìbéèrè TPM kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Microsoft kò ṣèlérí update fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Lórí èkejì ni Linux Mint wà, tó lè rọ́pò Windows, ọ̀fẹ́ ni, ó ń sáré lórí G3, kò sì béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oníṣọ́ọ̀bù á gbọ́ gbogbo àlàyé yìí tán, á sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní igun yàrá, èyí tí kò rí díráfà rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti rà á: ṣé ọ̀kan nínú méjèèjì yóò máa bá ìyẹn sọ̀rọ̀?