Ẹ̀rọ ayùn wo ló yẹ fún ìtì igi ìdáná?

Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti ní Atakpamé, igi ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń dáná. Igi náà ni àwọn tí ń yan gàrí àti àwọn tí ń yan ẹja fi ń ṣiṣẹ́. Láyé àtijọ́, àáké àti àdá la fi ń gé e. Lónìí, àwọn kan ń lo ẹ̀rọ ayùn, ìyẹn ayùn tí ń fi ẹsáǹsì ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ kékeré lè sọ pé: «Ẹ̀rọ mi kò lágbára tó. N óò ra èyí tó tóbi.» Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá wọ́n, ó wúwo, ó sì ń mu ẹsáǹsì púpọ̀. Bí a kò bá yàn án dáadáa, owó tí a fi gbogbo ọdún kó jọ lè ṣòfò. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ pàápàá lè bá a lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí a tó tú àpò.

Ṣé ẹ̀rọ ni kò lágbára, àbí ṣéènì ni kò mú?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ń jábọ́ nígbà tí ẹ bá ń gé igi. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ́rún igi tó ṣeé ṣà lọ́wọ́, ṣéènì mú. Bó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́, ṣéènì ti kújú. Àmì mìíràn wà: bí ẹ bá ní láti fi gbogbo ara tẹ ẹ̀rọ kí ó tó wọ igi, eyín ṣéènì kò mú mọ́. Bí ojú ibi tí ẹ gé bá ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín apá kan ti kéré ju ti apá kejì lọ.

Irin ìpọ́n róbótó la fi ń pọ́n eyín ṣéènì. Irin náà ní ìwọ̀n: ti ẹ̀rọ kékeré sábà máa ń jẹ́ 4 mm, ti agbedeméjì 4,8 mm, ti ńlá 5,2 tàbí 5,5 mm. Inú eyín la ti ń tì í síta. A kì í fà á padà sẹ́yìn lórí eyín. Iye ìgbà tí a bá tì í lórí eyín kan ni kí a tì í lórí gbogbo ìyókù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ. Bí eruku bá ti dí i, ẹ̀rọ kò lè mí, agbára rẹ̀ á dínkù. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ tún wo bùjí rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ẹ̀rọ ṣì ń kú sínú ìtì ńlá, nígbà náà ni kí ẹ máa ronú ẹ̀rọ mìíràn.

Báwo la ṣe ń mọ agbára ẹ̀rọ?

Ẹ mọ̀ pé a máa ń pe alùpùpù ní 100 tàbí 125. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ikùn ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ ayùn. A ń kọ ọ́ báyìí: cm³. Bí ikùn ẹ́ńjìnnì bá ṣe tóbi sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹsáǹsì àti afẹ́fẹ́ tó ń jó nínú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí, tí agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí.

A lè pín ẹ̀rọ wọ̀nyí sí ọ̀nà mẹ́ta:

– Ẹ̀rọ kékeré, 30 sí 40 cm³. Irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lórí rẹ̀ gùn tó 30 sí 35 cm. Ó dára fún ẹ̀ka àti igi tínínrín.

– Ẹ̀rọ agbedeméjì, 45 sí 60 cm³. Irin rẹ̀ gùn tó 40 sí 50 cm. Òun ló yẹ fún ẹni tó ń gé ìtì igi ìdáná déédéé.

– Ẹ̀rọ ńlá, 65 cm³ sókè. Irin rẹ̀ lè gùn ju 50 cm lọ. Iṣẹ́ igi ràbàtà ni wọ́n ṣe é fún. Kí a tó fi irin àti ṣéènì sí i rárá, ó ti lè wúwo ju kílò 6 lọ.

Igi tí ẹ ń gé ń kọ́? Igi àyìn le gan-an, ó sì le sí i bó bá gbẹ. Ẹ̀rọ tó ń gé tíìkì tútù wẹ́rẹ́ lè máa kérora lórí àyìn gbígbẹ. Ẹ gé igi nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ là á, kí ẹ tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Igi gbígbẹ ló ń jó dáadáa láìsí èéfín púpọ̀ nínú ilé ìdáná.

Má ṣe jẹ́ kí irin gígùn tàn ọ́

Àwọn kan ń fi irin gígùn sórí ẹ̀rọ kékeré kí ó lè gé igi ńlá. Èyí kò dára. Ẹ̀rù ọmọdé kò ní agbára láti gbé e ni àgbà gbé lé e lórí. Ṣéènì gígùn á máa rọra yí, ẹ́ńjìnnì á gbóná, yóò sì tètè bàjẹ́. Bí ìtì bá nípọn díẹ̀ ju irin yín lọ, ẹ lè gé e láti apá kan, kí ẹ wá gé e láti apá kejì.

Ẹsáǹsì àti òróró

A kì í da ẹsáǹsì nìkan sínú ẹ̀rọ yìí. A ń po òróró ẹ́ńjìnnì oníẹsẹ̀-méjì mọ́ ọn. Bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ pé 50 sí 1, mílílítà 20 ni fún lítà ẹsáǹsì kan. Fún lítà 5, ó di mílílítà 100. Bó bá sọ pé 25 sí 1, ẹ fi òróró ìlọ́po méjì. Ẹsáǹsì inú ìgò tí a ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lè ní omi tàbí ìdọ̀tí. Ẹ sẹ́ ẹ kí ẹ tó lò ó.

Òróró ti ṣéènì yàtọ̀ sí èyí, ó sì ní ojú tirẹ̀ lára ẹ̀rọ. Bí kò bá sí i, irin àti ṣéènì á jóná.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó

Bí agbára ẹ̀rọ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀. Bí apá òkè ẹnu irin bá kan igi, ẹ̀rọ lè fò padà lójijì sí ojú tàbí ọrùn ẹni tó dì í mú. Nítorí náà:

– Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹ má ṣe gbé e ga ju èjìká lọ.
– Ẹ ra èyí tó ní bíréèkì ṣéènì, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó san owó.
– Ẹ wọ bàtà líle, ṣòkòtò gígùn, ìbòjú àti ìdí etí. Ariwo rẹ̀ ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀.
– Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ó tutù, kí ẹ tó bu ẹsáǹsì sí i. Kò gbọdọ̀ sí sìgá nítòsí.
– Ẹ má ṣe dá nìkan lọ sí oko igi. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀rọ tó bá wúwo jù máa ń tètè dá apá lágara. Apá tó ti rẹ̀ ni ìjàǹbá ń wá. Ẹ gbé e lọ́wọ́ nílé ìtajà, kí ẹ dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Bí apá bá ti ń gbọ̀n, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ mú èyí tó kéré sí i.

Ẹ má gbàgbé òfin

Ní ọdún 1993, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin lórí igbó. Tógò náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2008. Kí ẹ tó gé igi tà, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ igbó ní àdúgbò yín. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí ẹ nílò fún igi àti fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ dá igi ẹmi àti igi igbá sí: òrí àti irú tó ń ti ara wọn wá ju igi ìdáná lọ. Bí ẹ bá sì gé igi kan, ẹ gbin òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́

1. Báwo lẹ ṣe lè mọ̀ pé ṣéènì ti kújú?
2. Mílílítà òróró mélòó lẹ máa po mọ́ lítà ẹsáǹsì 3, bó bá jẹ́ 50 sí 1?
3. Igi wo lẹ ń gé jù ní abúlé yín? Ẹ̀rọ wo ló tó o?
4. Ṣé ó sàn kí ẹnì kan dá ra ẹ̀rọ, àbí kí ẹgbẹ́ dáwó jọ rà á?