Kíkọ́ Àwòṣe Ilé Tí Ogun Bà Jẹ́ fún Ìkọ́ni Nípa Ogun Abẹ́lé: Onitsha Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà
Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà fi àdó olóró já afárá Odò Ọya kí ọmọ ogun Ìjọba Àpapọ̀ má baà gba Asaba wọ Onitsha. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1968, ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Ogun náà sọ Ọjà Ńlá ibẹ̀ di àlàpà. Lónìí, wọ́n ti tún ọjà kọ́, wọ́n sì ti tún afárá ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò rí àpá ogun mọ́. Àwòṣe, ìyẹn ilé kékeré tí a kọ́ ní àfijọ ilé gidi, lè mú un wá sí kíláàsì, bí ìbàjẹ́ kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ bá ní ìdí.

Ìwọ̀n àti ohun èlò
Ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà 2 dúró fún mítà 1. Ògiri tó ga ní mítà 3 yóò di sẹ̀ǹtímítà 6. Ilẹ̀kùn mítà 2 yóò di sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ fi páálí líle ṣe ògiri, kí ẹ fi P.O.P. rẹ́ ẹ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni irin inú kọnkéré; agolo ohun mímu tí a gé ni páànù.

Ìbàjẹ́ àti ìdí rẹ̀
Ẹ kọ́ ilé náà parí kí ẹ tó wó o. Ogun kì í ba ilé jẹ́ bí ọjọ́ ogbó ṣe ń bà á jẹ́.
1. Ògiri búlọ́ọ̀kù sábà máa ń ya ní ojú oríkèé, bí àtẹ̀gùn.
2. Kọnkéré a fọ́, ṣùgbọ́n irin inú rẹ̀ a tẹ̀, a sì máa rọ̀ dirodiro.
3. Èéfín a máa dú lókè fèrèsé, nítorí òkè ni iná ń lọ.
4. Àlàpà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ògiri tó wó. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìṣe: ìdajì ilé ti lọ, ẹ̀kúnwọ́ òkúta péré ló wà nílẹ̀.
5. Eruku ni ẹ ó fi parí rẹ̀, pàápàá lórí ibi tó tẹ́jú.

Ìṣọ́ra
Ẹ má ṣe fi ère òkú sínú rẹ̀. Ọmọ tí ogun náà pa ẹbí rẹ̀ lè wà ní kíláàsì. Òṣùwọ̀n ọlọ́jà tó dojú dé ti tó láti sọ pé ènìyàn ń jẹun níbẹ̀ rí.

Ìkádìí
Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé kan mọ́ àwòṣe rẹ̀: kí ló fa ìbàjẹ́ yìí, báwo la sì ṣe mọ̀? Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí, kí ó pè é ní àbá. Ìwé yẹn ni kí olùkọ́ fún ní máàkì jù, torí òun ni ẹ̀kọ́ ìtàn.