Ike Òfìfo Di Owó Ilé-ìwé ní Ajégúnlẹ̀

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń fi ìgbálẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ láti kékeré. Kí oòrùn tó là, ọmọ ti gbálẹ̀, ó ti da ìdọ̀tí sí ààtàn. Ewé eéran tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, èèpo iṣu àti eérú, gbogbo wọn ni ilẹ̀ ń jẹ. Lórí ààtàn kan náà ni tẹ̀tẹ̀ sì ti ń hù fún ìyá láti já sí ọbẹ̀.

Ìdọ̀tí òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀, tí ó múlé ti Àpápá onébùúté, ike omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò a máa dí gọ́tà. Ilẹ̀ kò sì lè jẹ ẹ́. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá kò rí ọ̀nà lọ, omi a ya wọ ilé.

Ní Ajégúnlẹ̀ yìí ni Morit International School ti dá ọgbọ́n kan tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun ní ọdún 2019. Lábẹ́ ètò RecyclesPay ti ẹgbẹ́ African Clean Up Initiative, àwọn òbí tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn ń kó ike òfìfo wá sílé-ìwé. Wọ́n gbé e lé ìwọ̀n, wọ́n ṣírò owó rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé-ìwé ọmọ. Ọmọ tí gbèsè ìbá lé padà sílé rí àyè jókòó ti ìwé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Ike ní oníbàárà. Ìdọ̀tí tí kò ní oníbàárà ńkọ́? Ọmọ tí a fi owó nìkan kọ́ yóò tún da ìyẹn sínú gọ́tà. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún ọmọ nítorí pé ó gbá ojúde baba rẹ̀. Ojúṣe rẹ̀ ni, ìtìjú ni bí ó bá fi sílẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de àwo fóòmù tí àwọn olóúnjẹ ń lò. Òfin lè lé àwo náà lọ. Olùkọ́ ni yóò rán ọmọ létí ewé eéran. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ mọ ohun tí ilẹ̀ ń jẹ yàtọ̀ sí èyí tí kò lè jẹ. Ní girama, kí ó mọ bí ike àlòkù ṣe ń di ohun titun. Ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́: ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.