Bí Iyè Òbí Bá Fò, Ta Ló Láṣẹ?

Ní England àti Wales, jíjẹ́ ọmọ kò fún ènìyàn láṣẹ lórí owó òbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Aya kò ní àṣẹ yìí, dáwódù kò ní in, ìpàdé ẹbí kò sì lè fi í fún ẹnikẹ́ni. Ó máa ń ya àwọn Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ lẹ́nu, torí pé nílé, ẹbí a jókòó, wọn a sì yan ẹni tí yóò máa bójú tó ohun ìní aláìsàn. Ní Ìlú Ọba, ìwé ni báǹkì yóò béèrè. Kódà wọ́n lè fi òté lé àkáǹtì tí tọkọtaya jọ ní.

Mental Capacity Act ọdún 2005 ló ń darí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí a gbà pé àgbàlagbà lè pinnu fún ara rẹ̀, àfi tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò lè ṣe é. Orúkọ àrùn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ náà yé e, bóyá ó lè rántí rẹ̀ títí yóò fi gbé e yẹ̀ wò, àti bóyá ó lè fi ìpinnu rẹ̀ hàn, ìbáà jẹ́ orí ló mì. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wò lọ́tọ̀: màmá tí kò lè dá ilé tà mọ́ ṣì lè mọ ẹni tó fẹ́ kó máa wẹ òun. Ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu lójú àwọn ọmọ kò túmọ̀ sí pé iyè ti fò. Ó dára tí òfin sọ èyí, nítorí ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ òbí rẹ̀ gan-an lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láìmọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fún ẹlòmíràn láṣẹ ni Lasting Power of Attorney, ìwé tí ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 18 fi ń yan ẹni tó fọkàn tán. Ọ̀kan wà fún owó àti dúkìá, òmíràn fún ìlera àti ìtọ́jú. Ẹnì kan tí kì í ṣe ara ẹbí yóò jẹ́rìí pé ohun tó ń ṣe yé e, pé wọn kò fipá mú un. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní Office of the Public Guardian. Ìgbà tí ọpọlọ bá ṣì pé nìkan ni wọ́n lè buwọ́ lù ú. Ìwé àṣẹ lásán tí kì í ṣe irú èyí kò tó: ọjọ́ tí iyè bá fò gan-an ni agbára rẹ̀ ń tán.

Bí ó bá ti pẹ́ jù, Court of Protection ni ẹbí yóò gbà lọ, kí adájọ́ yan aṣojú. Ó máa ń gba oṣù mélòó kan, ó sì ń náni lówó. Aṣojú yóò máa jábọ̀ lọ́dọọdún lórí bó ṣe ná owó náà. Kò lè kọ ìwé ìhágún fún aláìsàn. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tàbí ti ìgbéyàwó tó mọ níwọ̀n kò burú, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ fi owó ńlá ta ìbátan lọ́rẹ, ilé ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda.

Òfin tirẹ̀, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000, ni Scotland ń lò. Ilẹ̀ tó sì wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, òfin Nàìjíríà ló ń darí rẹ̀. Bí aláìsàn bá kú, àṣẹ aṣojú dópin lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogún ló kù.