Òdòdó aṣálẹ̀: ẹ gbìn ín láti inú irúgbìn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra

Ṣé ẹ ti rí igi kékeré kan rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìkòkò, tí òdòdó pupa sì bo orí rẹ̀? Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní rose du désert. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Adenium obesum. Nínú ìwé yìí, a ó máa pè é ní òdòdó aṣálẹ̀.

Ilẹ̀ gbígbẹ ni ilé rẹ̀. Ó ń hù ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ní Málì, ní Nìjẹ̀r, títí dé Sùdáànì àti ilẹ̀ Lárúbáwá. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni òjò kì í rọ̀. Nígbà òjò, igi náà a mu omi, a sì tọ́jú rẹ̀ sínú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, a gbọn ewé dànù, a máa lo omi tó ti kó pamọ́, bí àgbẹ̀ tó ní àgbàdo nínú àká.

Ẹsẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń ra òdòdó ń wò. Bí ẹ bá gé ẹ̀ka rẹ̀, tí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀, yóò hù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sábà wú dáadáa. Èyí tí ẹ gbìn láti inú irúgbìn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú láti kékeré. Ìdí nìyí tí irúgbìn fi dára jù.

Èso rẹ̀ máa ń jáde ní méjì méjì, bí ìwo ewúrẹ́. Bó bá gbó, yóò là fúnra rẹ̀. Hóró inú rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní irun ní orí méjèèjì, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ. Nítorí náà, kí èso tó là, ẹ fi òwú dì í yíká. Bí ẹ bá fẹ́ ra irúgbìn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí wọ́n ká a. Èyí tó ti pẹ́ kì í fẹ́ hù.

Ní agbègbè Kétu àti Àjàṣẹ́, oṣù kejì àti oṣù kẹta ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Ọyẹ́ ti lọ, ooru mú, òjò ńlá kò sì tíì dé.

Ẹ wá agolo àtijọ́, kí ẹ fi ìṣó lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ẹ po yanrìn odò ìwọ̀n méjì mọ́ ilẹ̀dú ìwọ̀n kan. Ilẹ̀ amọ̀ kò dára rárá. Ẹ bu omi sí i: bí omi bá dúró lórí rẹ̀, ẹ fi yanrìn kún un. Ẹ tẹ́ hóró náà sílẹ̀ gbalaja, ẹ má rì í ní òró. Ẹ wọ́n yanrìn díẹ̀ bò ó. Ẹ gbé agolo náà sí ibi tó móoru, kí ẹ máa wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ kí ilẹ̀ má gbẹ. Bí irúgbìn bá tuntun, yóò hù láàárín ọjọ́ 3 sí 10.

Bó bá ti hù, ọ̀rọ̀ omi yí padà. Ẹ máa gbé e sún mọ́ oòrùn díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó bomi sí i, ẹ fi ìka kan ilẹ̀. Bí ìka bá rí ọ̀rinrin, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń bomi sí tòmátì lójoojúmọ́ yóò rò pé òǹgbẹ ń gbẹ igi yìí, ṣùgbọ́n omi àpọ̀jù ló ń pa á ju ọ̀dá lọ. Nígbà òjò, ẹ gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti ń jẹrà. Ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́, ẹ gé ibi tó jẹrà kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún un gbìn.

Kí ló dé tí a fi ní kí ẹ fi ọ̀rá wé ọwọ́? Májèlé ni oje igi yìí. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, àwọn ọdẹ máa ń fi í sí ẹnu ọfà. Ọkàn ni ó ń bá jà. Nítorí náà, ẹ má gbìn ín síbi tí ọmọdé ti ń ṣeré tàbí tí ewúrẹ́ ti ń jẹko. Ẹ má fi sínú àgbo, ẹ má fi igi rẹ̀ dáná oúnjẹ. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí oje bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣan án.

Bí ọmọ bá jẹ nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ nu ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì mú un bì. Mo mọ̀ pé epo ni ìyá àgbà yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí, ṣùgbọ́n epo kì í pa májèlé yìí. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bó ṣì ń ṣeré, kí ẹ sì mú ewé igi náà dání kí nọ́ọ̀sì lè mọ ohun tó jẹ.

Láàárín ọdún kan sí méjì, òdòdó àkọ́kọ́ yóò yọ. Àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ jẹ́ kó tanná ná, kí ẹni tó ń rà á fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń rà, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ májèlé náà fún un kó tó gbé e lọ sílé.